Pẹpẹ Mẹ́ta Ẹfúnyẹmí

Apá kan kò ká amù.
Orí tó bá tẹ́jú ní í gbé ẹrù tó dúró.
Bá mi gbé e, kí n bá ọ sọ̀ ọ́, òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀nà jìn.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni wọ́n ṣawo fún Ẹfúnyẹmí, amọ̀kòkò ìlú Òkè-Amọ̀, ní ọjọ́ tó ń fi ojú ẹkún wá ayọ̀. Ó ní òun ní ilé, òun ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ara òun sì le, ṣùgbọ́n òun kò rántí ìgbà tí òun rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Wọ́n ní kó rúbọ. Ó rú díẹ̀, ó fi díẹ̀ pamọ́. Ẹ jókòó dáadáa, nítorí inú díẹ̀ tó fi pamọ́ yẹn ni ìtàn wà.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bi mí pé inú Odù wo ni èyí ti jáde, kó má wulẹ̀ bi mí. Bí bàbá tó sọ ọ́ fún mi ṣe sọ ọ́ ni èmi náà ń sọ ọ́. Kò fi orúkọ lé mi lọ́wọ́, èmi náà kò sì ní í purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tí ebi ń pa kì í bèèrè orúkọ igi tí wọ́n fi dáná.

Ẹfúnyẹmí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn ìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa amọ̀ létí odò. Òun ló ń gún un, òun ló ń ṣa òkúta inú rẹ̀ títí èyí tó kéré jù kò fi ní í ṣẹ́ kù. Ó ń fi ṣùkù àgbàdo tó rin ra ara ìkòkò títí yóò fi dán. Bí wọ́n bá yọ amù rẹ̀ nínú iná, tí wọ́n sì wọ́n omi èèpo irúgbá sí i lára, á dúdú, á máa kọ mànà. Bí o bá fi ìka kàn án, á dún bí agogo. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé omi inú amù Ẹfúnyẹmí tutù ju ti inú kànga lọ.

Ọjà wọn jìn. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń gbéra, oòrùn á sì ti kàn wọ́n látàrí kí wọ́n tó débẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò ìlú náà wá ní àṣà kan. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í dá ẹrù ìkòkò gbé. Wọ́n á to ìkòkò mẹ́fà sínú àwọ̀n okùn, wọ́n á dè é. Ẹnì kan á di apá ọ̀tún mú, ẹnì kan á di apá òsì mú, ẹni tó lẹrù á tẹrí ba, wọ́n á gbé e lé òṣùká rẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, á ké sí ẹni tó bá ń bọ̀ pé, "Jọ̀wọ́, bá mi sọ̀ ọ́." Ẹni náà kì í kọ̀. Kódà bí ọ̀tá bá pàdé ọ̀tá tó rẹrù, á kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ ná kí wọ́n tó máa bá ìjà wọn lọ.

Ẹfúnyẹmí ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Ògúndoyin. Amọ̀kòkò ni òun náà, ògiri kan ló sì pààlà ilé àwọn méjèèjì. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọge ni wọ́n ti jọ ń gbé ẹrù ara wọn. Ní ọjọ́ kan, wọ́n fẹ́ gbé amù ńlá kan jáde, èyí tí Ẹfúnyẹmí mọ fún ààfin. Ògúndoyin di apá kan mú, Ẹfúnyẹmí di apá kejì. Amù já bọ́. Ó fọ́ túútúú.

Ẹfúnyẹmí wo àfọ́kù, ó wo Ògúndoyin. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ kò dúró. Láti òní lọ, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ẹrù mi mọ́." Ògúndoyin lanu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì pa á dé. Ó bá ilé rẹ̀ lọ.

Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, ṣùgbọ́n ó lè mú ni gé igi. Ẹfúnyẹmí wọ oko, ó gé igi tó lórí méjì, ó rì í mọ́lẹ̀, ó to ọ̀pá lé e, ó fi kan pẹpẹ mẹ́ta. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọ̀kan wà ní ìdajì ọ̀nà, lábẹ́ igi ọ̀dán. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọjà. Gíga pẹpẹ náà kò ju èjìká rẹ̀ lọ. Orí pẹpẹ ló ń di ẹrù sí. Bó bá fẹ́ gbé e, á bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, á na orúnkún, ẹrù á wà lórí. Bó bá fẹ́ sinmi, á tún sún mọ́ pẹpẹ, á bẹ̀rẹ̀, ẹrù á jókòó sórí igi. Kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Onípẹpẹ. Àwọn ìyàwó ilé a máa sọ pé, "Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ti Ẹfúnyẹmí tó pẹpẹ, ó wọ kèrègbè, ọwọ́ ènìyàn nìkan ni kò tó." Ó ń gbọ́ wọn. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ó tún fi ọ̀kan kún un. Ìkòkò mẹ́fà ni ẹrù pípé lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n méje ni Ẹfúnyẹmí ń dì. Ìkeje yẹn jẹ́ ti ìfura, bóyá ọ̀kan lè fọ́ lọ́nà. Ọdún mẹ́ta ló fi rù ú, ìkòkò kankan kò fọ́, kò sì yọ ìkeje kúrò. Òṣùká rẹ̀ gbó, ó le koránkorán. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sí òsì. Nígbà tó bá dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó ti oúnjẹ, á máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn ará ilé Ògúndoyin láti ẹ̀yìn ògiri. Ó ń ṣe é bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé onílé, tí kò sì rántí ohun tí nǹkan náà jẹ́.

Ọjọ́ kan wá dé tó yọ amù kan jáde nínú iná. Kò mọ irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Etí rẹ̀ gún régé, ikùn rẹ̀ yọ bí ti aboyún, kò ní àpá kankan lára. Ẹfúnyẹmí yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì, ó ń wá ẹni tí yóò fi hàn. Kò sí ẹnì kankan. Ó jókòó ti amù náà, ó sunkún títí amù fi tutù.

Ní ọjọ́ kejì ló tọ àwọn awo rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ayọ̀ rẹ̀ kò sọnù. Wọ́n ní ojú ọ̀nà ọjà ló wà, ṣùgbọ́n ó wúwo, ẹnì kan kì í dá a gbé ru ara rẹ̀. Wọ́n ní kó rú ẹyẹlé méjì àti obì olójú mẹ́rin. Wọ́n ní kó ju òṣùká àtijọ́ nù, kó fi aṣọ tó rọ̀ ká òmíràn, nítorí orí tó ń gbé ni rìn, ó yẹ kí ènìyàn tẹ́ nǹkan tó dára fún un. Wọ́n ní ìkòkò mẹ́fà ni kó máa dì. Wọ́n wá ní kó wó pẹpẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó fi igi rẹ̀ se àdàlú, kí àwọn èrò ọ̀nà jẹ ẹ́.

Ẹfúnyẹmí ní, "Ẹ̀yin bàbá, tí mo bá wó pẹpẹ, ta ni yóò máa sọ̀ mí?"

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ohun tí ẹbọ fẹ́ kí o máa bèèrè lójú ọ̀nà nìyẹn."

Ó dúpẹ́, ó lọ. Ó rú ẹyẹlé, ó rú obì. Ó wó pẹpẹ ẹnu ọ̀nà ilé, ó wó ti ẹnu ọjà, ó fi igi wọn se àdàlú, àwọn èrò jẹ, wọ́n sì súre fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ti abẹ́ ọ̀dán, ó dúró, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní ibẹ̀ jìn sílé, ó jìn sọ́jà. Ó ní Ifá kò rẹrù ìkòkò rí. Ó fi ìyẹn sílẹ̀. Aṣọ tuntun tó sì yẹ kó ká, ara òṣùká àtijọ́ ló wé e mọ́. Ìkòkò méje kò sì dín. Ẹ ò rí i pé ọ̀pọ̀ wa la máa ń rúbọ báyìí: a ó fún Ifá ní ẹyẹlé, a ó fi ìwà wa pamọ́ sábẹ́ igi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, kò sí pẹpẹ lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ẹfúnyẹmí dúró ti ẹrù rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó ké sí àwọn obìnrin méjì tó ń kọjá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e." Wọ́n gbé e rù ú, wọ́n ní kó lọ rere, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó rìn díẹ̀, ó kíyè sí i pé inú òun dùn díẹ̀. Ó yà á lẹ́nu. Síbẹ̀, pẹpẹ abẹ́ ọ̀dán ló fi ọkàn sí.

Ọdún odò wá kù ọ̀túnla ní ìlú tó wà lẹ́yìn ọjà. Ọ̀dọ̀ Ẹfúnyẹmí ni wọ́n ti béèrè amù mẹ́fà tí wọn yóò fi pọn omi tuntun. Bí amù bá fọ́, odindi oṣù kan ni kí ènìyàn tó tún rí òmíràn mọ, kó gbẹ, kó jiná. Ọdún kì í sì í dúró de amọ̀kòkò. Ẹfúnyẹmí di amù mẹ́fà, ó fi ìkòkò ìsebẹ̀ kan ṣe ìkeje. Àwọn obìnrin àdúgbò gbé e rù ú, ó gba ọ̀nà lọ. Ọ̀nà dá, nítorí àwọn èrò tó pọ̀ jù kò tíì gbéra.

Kó tó dé abẹ́ ọ̀dán, ọrùn rẹ̀ ti ń dùn ún gidi. Òṣùká ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹrù ti fẹ́ dà sósì. Ó ní kò burú, pẹpẹ ti dé tán. Ó dé ibẹ̀, ó wò, ilẹ̀ ni pẹpẹ wà. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Bàbá tó sọ ìtàn yìí fún mi ní Èṣù ló rán ikán wọ̀nyẹn níṣẹ́. Èmi kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ikán kì í jẹ igi tó ti di àdàlú.

Ẹ wo Ẹfúnyẹmí bó ṣe dúró. Kò lè sọ ẹrù fúnra rẹ̀, nítorí bó bá bẹ̀rẹ̀, àwọ̀n á dà. Kò lè máa lọ, nítorí ọrùn kò gbà. Kò lè padà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹrù mú, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, kò sí ọwọ́ tó máa fi nù ún. Ó ké sí ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí. Ẹyẹ nìkan ló dáhùn. Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í, ìtìjú náà sì wúwo ju ẹrù lọ.

Ìgbà náà ló gbọ́ orin. Ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Kò lè yíjú wò ó, ṣùgbọ́n kò nílò kó wò ó. Ohùn tó ti gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri fún ọdún mẹ́ta ni. Ògúndoyin ló ń lọ sọ́jà, ó ru ìkòkò mẹ́fà tirẹ̀ sórí.

Ògúndoyin dúró níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹfúnyẹmí, kí ló dé tó o dúró sójú kan?"

"Pẹpẹ ti wó."

Ògúndoyin wo igi tó wà nílẹ̀. Ó ní, "Ikán ò mọ ẹni tó ni pẹpẹ."

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọrùn mi fẹ́ já."

"Mi ò fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ ni mò ń dúró dè."

Ẹfúnyẹmí tún di ẹrù mú. Ẹrù tún yẹ̀ díẹ̀ sósì. Ó ní, "Jọ̀wọ́, Ògúndoyin, bá mi sọ̀ ọ́."

"Ó dáa. Ta ni yóò wá kọ́kọ́ sọ èmi?"

Wọ́n wo ara wọn. Obìnrin méjì, ẹrù méjì, kò sí ẹni tó ṣófo nínú wọn. Ẹ̀rín fẹ́ gba Ògúndoyin lẹ́nu, ó mú un mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ gba Ẹfúnyẹmí náà lẹ́nu, ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní, "Má pa mí lẹ́rìn-ín o, amù ọdún ló wà níbí."

Ògúndoyin tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀. Ó na ọrùn, ó mí sínú, ó mí síta. Ó wá ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ kúrò lára ẹrù tirẹ̀. Ẹrù náà kò mì. Òṣùká rẹ̀ fẹ̀, ó rọ̀, ó jókòó dáadáa, ìkòkò mẹ́fà wà lórí rẹ̀ bí ẹyẹ tó bà sórí ẹyin rẹ̀. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì tó ṣófo náà, ó di ẹrù Ẹfúnyẹmí mú ní apá kan.

Ọwọ́ kan náà ni. Ẹfúnyẹmí mọ̀ ọ́n dunjú. Ọwọ́ tí òun ní kò dúró ni, òun náà ló sì kù báyìí.

Ògúndoyin ní, "Má sáré. Dúró de ọwọ́ mi. Tí mo bá ní ó yá, ìgbà yẹn ni kó o tó bẹ̀rẹ̀."

Ẹfúnyẹmí dúró de ọwọ́ rẹ̀. Ògúndoyin ní ó yá. Àwọn méjèèjì jọ tẹ orúnkún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí ọba, tí ọrùn Ògúndoyin kò tẹ̀ rárá. Ẹrù kan ilẹ̀ lórí koríko. Kò sí amù kankan tó dún. Ẹfúnyẹmí na ẹ̀yìn, ó fi apá nu ojú rẹ̀, ó yára di ẹrù Ògúndoyin mú, ó sọ òun náà. Wọ́n jókòó sílẹ̀.

Ẹfúnyẹmí kò tíì mí tán tó fi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ní ọjọ́ amù ààfin yẹn, mi ò dúró de ọwọ́ rẹ. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé e. O ò tíì dì í mú tán."

Ògúndoyin ní, "Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"O ti bínú lọ kan pẹpẹ. Ta ló máa bá igi sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rín wá dé. Ẹfúnyẹmí rẹ́rìn-ín títí ó fi dojú bolẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín ti ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Bó bá fẹ́ dákẹ́, á wo pẹpẹ nílẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ògúndoyin lu ilẹ̀, ó ní ìhà ń dun òun. Ọ̀rọ̀ ẹkún wà nínú ẹ̀rín náà, ṣùgbọ́n wọn kò yà á sọ́tọ̀.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ẹfúnyẹmí dìde. Ó ṣa gbogbo igi pẹpẹ jọ, ó dáná. Ó tú òṣùká rẹ̀, ó fa èyí àtijọ́ jáde nínú rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú iná. Ó gbé ìkòkò ìkeje kalẹ̀ sórí ààrò. Kò sí ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn, kò sí àgbàdo. Ṣùgbọ́n àwọn èrò ọdún ti ń dé. Ọkùnrin kan tó ti oko bọ̀ ní ẹ̀wà. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ní àgbàdo. Ẹnì kan ní epo, ẹnì kan ní iyọ̀ tó dì sétí aṣọ. Ẹ̀wà kì í tètè jiná, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ láti sọ. Kí ìkòkò tó hó, gbogbo wọn ti mọ orúkọ ara wọn. Wọ́n jẹ àdàlú náà, wọ́n fi ọwọ́ nu ìkòkò mọ́.

Ògúndoyin ká aṣọ tó rọ̀, ó ṣe òṣùká tuntun, ó gbé e lé orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tún un ṣe títí ó fi jókòó sí àárín. Àwọn èrò tó jẹ àdàlú bá wọn di ẹrù mú lọ́tùn-ún àti lósì. Ọwọ́ tí wọ́n fi jẹun kò tíì gbẹ tí wọ́n fi gbé e rù wọ́n. Amù mẹ́fà ni Ẹfúnyẹmí rù báyìí. Ọrùn rẹ̀ tọ́. Ó rìn díẹ̀, ó ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ wò. Ẹrù kò mì.

Omi tuntun wọ ìlú nínú amù rẹ̀. Wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Ẹfúnyẹmí jó tirẹ̀ pẹ̀lú Ògúndoyin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo ń yin Ifá, Ifá ń yin Ẹlẹ́dàá tó dá orí kan fún ẹnì kan, tó sì dá ọwọ́ méjì, kí ọ̀kan lè máa kù fún aládùúgbò. Ó ní:

Apá kan kò ká amù,
Orí tó bá tẹ́jú ní í gbé ẹrù tó dúró,
Bá mi gbé e, kí n bá ọ sọ̀ ọ́, òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀nà jìn,
Wọ́n ṣawo fún Ẹfúnyẹmí,
Wọ́n ní kó wó pẹpẹ mẹ́ta,
Ó wó méjì, ó dá ọ̀kan sí,
Ọ̀kan tó dá sí ló fẹ́ dá a lọ́rùn.
Ìgbà tó rúbọ tán lẹ̀rín dé,
Ayọ̀ dé, ó bá wa láwùjọ èrò.

Ìkòkò ìkeje kò bá a padà sílé. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n pọn omi kún un, wọ́n gbé e sí abẹ́ ọ̀dán níbi tí pẹpẹ wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn a máa dúró níbẹ̀. Á mu omi, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sì rí ẹni tí yóò sọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ọjà, Ẹfúnyẹmí fúnra rẹ̀ a máa wá jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ a ṣófo.

Ifá ní kí ẹni tó ń wá ayọ̀ gbọ́ ìmọ̀ràn, kó rúbọ, kó má fi ìdajì pamọ́. Kó tún òṣùká tirẹ̀ ṣe ná, nítorí ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò dúró kò ní ọwọ́ tí yóò fi ran ẹlòmíràn. Bó bá sì pàdé ẹni tó rẹrù lọ́nà, kó dúró. Kó ní, "Ṣé kí n sọ̀ ọ́?"